Ilé Tí Ó Yẹ Adìẹ

Bí a bá há adìẹ púpọ̀ mọ́ inú àgò kan lóru, tí a sì bá òkú wọn ní òwúrọ̀, a máa ń wí pé àrùn ni. Nígbà púpọ̀, ooru ni. Adìẹ kì í làágùn; mímí ni ó fi ń mú ara tutù, òórùn imí a sì máa ba èémí rẹ̀ jẹ́. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè ẹsẹ̀ bàtà 2 lóòró àti 2 níbùú. Ilé tí òòró rẹ̀ jẹ́ 8, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 6, gba adìẹ 12. Kí a dá ihò sí òkè ògiri níhà méjèèjì, kí a fi àwọ̀n irin bò ó, kí afẹ́fẹ́ máa kọjá lókè orí wọn. A óò jíhìn ohun alààyè tí a fi sí ìkáwọ́ wa.