Lọ́fíńdà olódòdó tí kò pariwo: Ṣé ayédèrú ni, àbí imú ẹni ló ti mọ́ ọn lára?



Ní ọjà Kejetia ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, òórùn ẹja gbígbẹ, ata, awọ bàtà àti aṣọ tuntun ló jọ ń du imú ẹni. Láàrin gbogbo rẹ̀, lọ́fíńdà náà wà níbẹ̀.

Èyí tó rọ̀ jù nínú wọn, lọ́fíńdà olódòdó, ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Oníbàárà á ní òun fín in láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán kò rùn mọ́, nítorí náà ayédèrú ni.

Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti ń tajà ní Kumasi láyé àtijọ́, títí kan ọjà wòsìwósì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 láti kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀. Fún ẹni tó ń tajà nílẹ̀ onílẹ̀, orúkọ rere ni ọjà àkọ́kọ́.

Báwo ló ṣe ń lọ?

Ọtí líle ló pọ̀ jù nínú ìgò lọ́fíńdà tí wọ́n ń fín. Tí ó bá kan ara, ọtí náà á fẹ́ lọ, á sì gbé òórùn dání.

Òórùn ọsàn ló máa ń kọ́kọ́ lọ, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Òdòdó á tẹ̀lé e. Èyí tó dà bí igi olóòórùn ló máa ń kẹ́yìn. Oòrùn Kumasi tún máa ń lé gbogbo wọn sáré.

Olódòdó kò ní ohun tó wúwo púpọ̀ nínú. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àbùkù.

Imú náà máa ń dákẹ́

Ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ kì í gbọ́ òórùn ẹja mọ́ tó bá ti jókòó tì í pẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti lọ́fíńdà: imú ẹni á mọ́ ọn lára, á sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó súnmọ́ ọn ṣì ń gbọ́ ọ.

Ibí ni ewu wà. Ẹni tí kò gbọ́ òórùn ara rẹ̀ mọ́ á tún fín in, á tún fín in. Owó ń lọ. Nínú ọjà tí èrò ti ń fara kan ara, òórùn tó pọ̀ jù lè mú kí orí fọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó sì lè gbé ikọ́ fée dìde lára ẹni tó ní in.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe?

Kí ẹ tó rà á, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan sí ọrùn ọwọ́, kì í ṣe sórí páálí nìkan. Ẹ ná ọjà yín fún wákàtí kan, kí ẹ tó padà wá sanwó. Ẹ má dán ju mẹ́ta lọ lọ́jọ́ kan.

Ara gbígbẹ kì í di òórùn mú, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa ara kí ẹ tó fín in. Òrí náà dára, àmọ́ òórùn tirẹ̀ lè bo ti òdòdó mọ́lẹ̀.

Aṣọ máa ń di òórùn mú ju ara lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi lọ́fíńdà olóròóró kan léèsì funfun, ó lè fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ má sì gbé ìgò síbi tí oòrùn ti ń pa á.

Lóòótọ́, ayédèrú wà lọ́jà. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà lára páálí bá ti ìdí ìgò mu. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé: "Ṣé ò ń gbọ́ òórùn kankan lára mi?"

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé lọ́fíńdà yín ṣì ń ṣiṣẹ́.