Ẹ Má Fi Ojú Ìlú Wo Òkè

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin dé, oòrùn ti ń mú díẹ̀díẹ̀ ní Denver, ẹsẹ̀ sì ti ń yún yín. Àmọ́ bí ẹ bá ń lọ sí adágún Emerald ní ọgbà ìtura Rocky Mountain, ẹ má fi ojú ìlú wo òkè. Láti adágún Bear, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 9,400 lọ, ìrìn náà kò tó máìlì 2, inú igbó ló gbà. Òjò dídì tó ń yọ́ lórí igi páìnì á máa kán sí yín lọ́rùn. Láàárọ̀, òjò dídì ojú ọ̀nà á le gbagidi, á máa yọ̀ bí ilá. Tó bá di ọ̀sán, ó ti rọ̀, ẹsẹ̀ á rì wọlé dé itan. Adágún fúnra rẹ̀ ṣì dì, ó funfun báláú. Ẹ má rìn lórí rẹ̀ o! Ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tó ti ń jáde ni yìnyín ti máa ń fẹ́lẹ́. Lójú tèmi, àsìkò yìí ló dùn jù, èrò kò tíì pọ̀. Ẹ so irin eléyín mọ́ bàtà, ẹ tètè jáde, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.