Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ tí Ó Lè Gba Ìyà Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá lónìí, kẹ̀kẹ́ ìje nì tí ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò tí táyà rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tí ẹni tó ń dánra wò yóò máa gùn lójoojúmọ́ kí ọjọ́ ìdíje tó dé. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kì í ṣe àwọn ẹsẹ̀ kékeré méjì tí a ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé kí ó má baà ṣubú ni mò ń wí.

A kì í fi aṣọ ìmúròde roko. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́, tó dán, tó sì gbówó lórí, kò gbọ́dọ̀ máa fi í la kòtò láràárọ̀. Ẹsẹ̀ ìdánrawò ni yóò fi jìyà, yóò sì fi ti ìmúròde pamọ́. Ohun èlò kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn eléré kẹ̀kẹ́ wa rárá. Ní ìdíje Olympic tí wọ́n ṣe ní Paris ní 2024, nígbà tí àyè ṣàdédé ṣí sílẹ̀ fún Ese Ukpeseraye láti gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà nínú pápá róbótó, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá a ni ó gùn. Bí ẹni tó dé Olympic bá lè wà láìní kẹ̀kẹ́ tó yẹ fún eré rẹ̀, kí ni kí ọmọ Òkókómáíkò tó ń fi owó oúnjẹ pamọ́ wí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ó fẹ́ gùn. Títì ńlá tó ti Èkó lọ sí Badagry àti ẹnubodè Sèmè ló la àdúgbò náà já. Ẹni tó bá gbéra ní Ọ̀jọ́ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn yóò kan Ìyànà Ìbà, níbi tí ọ̀nà ti yà sí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tó sì gba Ìbà kọjá lọ sí Ìgàndo. Bí kò bá yà, yóò dé Òkókómáíkò. Títì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà jálẹ̀. O lè máa sáré lórí ibi tó dán bí àwo, kí o sì ṣe kòńgẹ́ gálọ́ọ̀pù kí o tó mí èémí kan. Ní ìgbà òjò, omi a bo kòtò náà, ojú kò ní í rí i. Tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn, dáńfó ń já sí ẹ̀gbẹ́ láti gbé èrò, iyanrìn wà ní etí títì. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ká lábẹ́ ẹni níbẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ló ń lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí á má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ti oge.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta ọjà ni pé, "Ṣé ó fúyẹ́?" Ìbéèrè tí èmi ìbá fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni èyí: lọ́jọ́ tí sípóòkù kan bá já, ṣé màá gun kẹ̀kẹ́ yìí délé?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti rí dùndún. Ẹ rí àwọn ọsán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó fa awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ pọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dúró fúnra rẹ̀ bí òpó. Fífà tí gbogbo wọn ń fà ló mú kí ìlù le. Sípóòkù náà rí bẹ́ẹ̀. Okùn irin ni. Gbogbo wọn ló ń fa ríìmù wá sí àárín, ìfà yìí ló sì gbé ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yí, sípóòkù tó bá dé ìsàlẹ̀ a dẹ díẹ̀, bó bá gòkè a tún le. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà nìyẹn ní òwúrọ̀ kan. Èyí tí kò le dáadáa láti ilẹ̀ ni ó máa ń tètè já, nítorí ìdẹ̀ àti ìle rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sípóòkù tó le jù ló ń já. Òdìkejì rẹ̀ la sábà máa ń rí.

Nísinsìnyí, ẹsẹ̀ kan ní sípóòkù 16 tàbí 20. Ó lẹ́wà, afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ọ̀kan bá já, iṣẹ́ ńlá ni ó bọ́ kúrò lọ́rùn ríìmù, ríìmù náà a sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi máa ha bíréèkì. Wàá gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Bí ó bá jẹ́ 32 tàbí 36, tí ọ̀kan bá já, ẹsẹ̀ a mì díẹ̀, wàá ṣí bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀, wàá sì rọra gùn ún délé. Àwọn tó ṣe Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa fi ń kó ẹrù lọ sọ́jà mọ èyí: sípóòkù 32 ni wọ́n máa ń fi sí iwájú, 40 sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Ìdíje kan tún wà ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Paris-Roubaix, láti 1896, níbi tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ ìje gba orí òkúta tí a tò sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹgbẹ́ tó lówó láti ra ohunkóhun tó wù wọ́n, ẹsẹ̀ oní-sípóòkù 32 tàbí 36 ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Bí olówó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí òkúta, èmi kò rí ìdí tí tálákà kò fi ní í ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí gálọ́ọ̀pù.

Ti ríìmù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ríìmù irin tó ń dán yanran máa ń pọ́n lówó, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rin ín, bíréèkì kò ní í mú un dáadáa mọ́. Ẹ lè tẹ bíréèkì ní Ìyànà Ìbà kí kẹ̀kẹ́ má dúró níbi tí ẹ fẹ́. Ẹ mú ti àlùmíníọ̀mù. Ti kábọ́ọ̀nù, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ ìdíje.

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìje òde òní ni wọ́n kọ 622 sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 27 jẹ́ 630. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rò pé ọ̀kan náà ni; ṣùgbọ́n mìlímítà 8 ló wà láàárín wọn, táyà ọ̀kan kò sì bá èkejì mu. Nọ́ńbà tó ṣáájú 622 ni fífẹ̀ táyà. Bí ara kẹ̀kẹ́ yín bá gbà á, ẹ lo 28 tàbí 32 dípò 23. Táyà tó fẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gba ìyà kí ríìmù tó gbà á, owó rẹ̀ kò sì tó owó ríìmù.

Ohun kékeré kan wà tí àwọn olùtajà kì í sọ. Imú túúbù oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: tín-ín-rín ti kẹ̀kẹ́ ìje, àti èyí tó sanra bíi ti ọkọ̀. Ẹ̀rọ àwọn fọkanáísà wa bá ti ọkọ̀ mu. Bí ihò ríìmù yín bá gba imú tó sanra, gbogbo fọkanáísà tó wà lójú ọ̀nà ni alábàárò yín. Bí kò bá gbà á, ẹ ra idẹ kékeré tí a ń yí sórí imú tín-ín-rín, kí ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Kí ẹ sì bẹ fọkanáísà pé kí ó rọra fún un, nítorí atẹ́gùn tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń kún táyà ọkọ̀ lè fọ́ túúbù kẹ̀kẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Èmi kò kórìíra tòkunbọ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ hun dáadáa ní òkè òkun ní ogún ọdún sẹ́yìn lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń ra tòkunbọ̀, a kì í fi etí rà á. Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́ kan níwájú ìsọ̀ etí títì.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èló lẹ fẹ́ gbà lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yìí?"

"Àbúrò, wò ó dáadáa, ọjà Jámánì ni. Gbé e wò, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n yí i wò ná."

Ọmọ yìí gbọ́n. Kí ó di ọ̀pá àárín mú ní ọwọ́ méjèèjì, kí ẹnìkan bá a yí ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n sì na igi ìṣáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìmù. Bí ríìmù bá ń lọ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, sípánà sípóòkù yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ń fò sókè tàbí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kòtò ti lù ú rí. Kò ní í tọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìka yí ọ̀pá àárín. Bí ó bá ń yọ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, gíríìsì ti tán. Èyí tí bíárìn rẹ̀ jẹ́ ọta róbótó wẹ́wẹ́ ṣeé tú, ṣeé fọ̀, ṣeé kùn, bí ojú tí ọta náà ń yí lé kò bá tíì jẹ. Èyí tí a ń fún mọ́ inú lódindi ní nọ́ńbà lára. Ẹ mú nọ́ńbà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bíárìn.

Kí ó wo ìdí ihò sípóòkù kọ̀ọ̀kan lára ríìmù. Bí ó bá rí ìlà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, kí ó dá a padà, àlùmíníọ̀mù ti ń ya nìyẹn, kò sì sí oògùn rẹ̀. Kí ó fi etí rúlà ilé-ìwé lé ibi tí bíréèkì ń mú. Bí ibẹ̀ bá ti wọnú bí ikùn ṣíbí, bíréèkì ti jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ kan ni atẹ́gùn táyà yóò ya ríìmù náà sí wẹ́wẹ́. Kí ó tún bi ara rẹ̀ bóyá orí sípóòkù ṣì ń yí. Atẹ́gùn òkun àti ti ọ̀sà kò jìnnà sí Ọ̀jọ́, ìpẹtà sì máa ń dì wọ́n mọ́ra. Èyí tí kò bá yí, kò sí ẹni tó lè tún ẹsẹ̀ náà ṣe láìjá sípóòkù rẹ̀.

Kí ó rántí wọn àyè ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Kẹ̀kẹ́ ìje àtijọ́ gba mìlímítà 126, àwọn tó tẹ̀lé e gba 130, kẹ̀kẹ́ orí òkè gba 135. Àwọn tuntun oní-bíréèkì àwo yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí.

Bí owó kò bá tó, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní tuntun, kí ẹ fi tòkunbọ̀ sí iwájú. Ẹ̀yìn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, òun náà ni ṣéènì ń fà. Kí ẹ sì yọ owó sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò fi ọwọ́ le sípóòkù. Ẹsẹ̀ tuntun tí ẹ̀rọ nìkan hun, tí ènìyàn kò tún fọwọ́ kàn, máa ń dẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ gùn ún fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ dá a padà fún alátùn-únṣe kí ó tún un le. Owó tí ẹ san fún un ní ọjọ́ yẹn dára ju orúkọ tó wà lára ríìmù lọ.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ fi ìka ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ẹsẹ̀ iwájú, ohùn gbogbo wọn yẹ kí ó sún mọ́ra. Ní ẹ̀yìn, apá ọ̀tún níbi tí jíà wà yóò máa dún lókè ju apá òsì lọ, nítorí ó le jù ú lọ. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá jìn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní apá kan náà ni kí ẹ yí, ìdá mẹ́rin yíyípo kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún ta á wò. Ẹ bèèrè gígùn sípóòkù ọ̀tún àti ti òsì lọ́wọ́ alátùn-únṣe, nítorí wọn kì í sábà dọ́gba ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sí bébà, kí ẹ ra méjì méjì, kí ẹ fi téèpù dè wọ́n mọ́ ara kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ìjókòó.

Ó dìgbà kan ná o.