Ọdún Dé, Tọkọtaya Ń Gbèrò Ìkọ̀sílẹ̀

Bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ayọ̀ ni yóò gba gbogbo ilé kan. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà tí ó jẹ́ pé àsìkò yìí gan-an ni ọkọ tàbí aya ń rò ó nínú pé, 'Bí ọdún yìí bá ti lè kọjá, kálukú yóò bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ ni.' Kí ni ó ń fa èyí?

Ohun kìn-ín-ní ni owó. Aṣọ ọdún, owó ọkọ̀ lọ sílé, àgbò tàbí adìyẹ, ẹ̀bùn àna: gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni ẹbí. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde; àwọn òbí aya rẹ̀ ń retí ọmọ tiwọn ní Iléṣà. Ìjà ibi tí wọn yóò ti ṣọdún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀; kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kan èébú ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti owó àjọ tí ọkọ ná láìsọ. Ọdún kọ́ ni ó dá egbò náà sílẹ̀. Ó kàn ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ìbínú ọ̀sẹ̀ méjì dájọ́ ìgbéyàwó ọdún mẹ́wàá. Òfin pàápàá kì í kánjú. Òfin tí ó de ìgbéyàwó alárédè ní Nàìjíríà láti 1970 sọ pé ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tí ì pé ọdún 2 kò lè bèèrè ìkọ̀sílẹ̀, àfi bí kóòtù bá yọ̀ǹda. Ó sì gbé e lé adájọ́ lọ́wọ́ láti wò ó bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Bákan náà, Àlùkùránì ní kí a yan onílàjà kan láti inú ẹbí ọkọ, kí a yan ọ̀kan láti inú ẹbí aya.

Ṣùgbọ́n sùúrù yàtọ̀ sí ìfarada ìyà. Aya tí a ń lù, tàbí ọkọ tí a ń fi ọ̀bẹ lé kiri, kò gbọdọ̀ dúró kí ọdún parí. Ẹbí tí ó bá ń wí pé, 'Ẹ mú un mọ́ra títí àlejò yóò fi lọ,' ẹ̀mí ọmọ wọn ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin 2007 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láṣẹ láti bèèrè ààbò ní kóòtù.

Ní ti àwọn ọmọ, kí a má ṣe sọ wọ́n di oníṣẹ́ láàárín bàbá àti ìyá. Bí ìpínyà bá di dandan, kí àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́ fún wọn, kì í ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ ọdún.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí kò sí nínú ewu, kí ó jẹ́ kí ariwo ọdún rọlẹ̀ ná. Kí ọkọ àti aya wá jókòó láìsí àlejò, kí wọ́n bi ara wọn léèrè bóyá ìnáwó ọdún ni ó ń dùn wọ́n, tàbí ìgbéyàwó náà. Bí ó bá jẹ́ ìnáwó, ìṣirò yóò tán an. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó, kóòtù kò ní sá lọ.