"WÁ, WÁ!": TA NI ÒMÙGỌ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìkówójọ fún kíkọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní ìlú Kánò

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí á wá sọ̀rọ̀ lórí ọgbọ́n àti ìwà òmùgọ̀, a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi yàn wá. Wọ́n ní ó dá àwọn lójú pé a mọ ọ̀kan nínú méjèèjì dunjú. Títí di bí a ti dìde dúró yìí, wọn kò tíì sọ èyí tí í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà. Ìyá wa kan wà, a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé iwájú wa níhìn-ín ni ó jókòó sí. Nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé Kánò ni, ó sì pàtẹ àdìrẹ rẹ̀ sí ọjà Sábọ́n Gàrí. Kò gbọ́ Haúsá kankan ju "sannu" lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin Haúsá kan ń kọjá lọ, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára aṣọ náà. Ìyá wa na ọwọ́ sí i, ó yá mọ́ ọn, ó ń fi ẹ̀rín pè é pé, "Wá! Wá! Wá wò ó!"

Ọmọkùnrin náà dúró. Ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Ó tún wo ọwọ́ tí ìyá wa nà, òun ni ọwọ́ náà dojú kọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Haúsá ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé fún àwọn àlejò. Ní èdè Haúsá, "wawa" ni òmùgọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, obìnrin tí kò mọ̀ rí na ìka sí i láàrin ọjà, ó ń pè é ní òmùgọ̀, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín sí i!

Bí ọmọkùnrin náà ti pariwo ni ìyá wa náà fi ìbòsí bọnu. Ó ní, "Ẹ gbà mí o! Mo ní kí ènìyàn wá rajà, ó ń bú mi! Àwọn ará ibí yìí mà gọ̀ o!" Bàbá alálùbọ́sà kan tí ó wà nítòsí ni ó là wọ́n. Haúsá ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ó ti gbé Ìbàdàn pẹ́. Ó fi Haúsá ṣàlàyé fún ọmọkùnrin, ó fi Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá wa, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin ra àdìrẹ kan. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ń bọ̀ lókèèrè, òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ké sí ìyá wa pé, "Wá, wá!" Ìyá wa kò mọ̀ bóyá Yorùbá ni ó ń sọ ni tàbí Haúsá, kò sì bi í.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ta ni òmùgọ̀ nínú wọn? Ọmọkùnrin náà kò gọ̀: ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó bínú sí. Ìyá wa kò gọ̀: ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ dára. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá alálùbọ́sà ní tí àwọn méjèèjì kò ní. Ó ti gbé ọ̀dọ̀ àwọn kan, ó sì ti gbé ọ̀dọ̀ àwọn kejì.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju èyí lọ: púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní òmùgọ̀, ohun tí a mọ̀ ni wọn kò mọ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n mọ̀ ni àwa kò mọ̀. Èkejì yìí ni ó burú jù, nítorí pé a kì í tètè rí i.

Ta ni nínú wa tí kò tíì jẹ òmùgọ̀ ìlú yìí rí? Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní ọdún 1911 ni àwọn ènìyàn wa ti ń bọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì bá ọyẹ́ pàdé. Nílé, wọ́n ti sọ fún wa pé ìlú oòrùn ni Òkè Ọya. Dàńṣíkí kan ṣoṣo ni a gbé wọ̀ wá. Oṣù Kejìlá ni ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, bí ẹ bá rí ohun kan tí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí dé ẹsẹ̀, tí ó ń gbọ̀n láti òpópó kan bọ́ sí èkejì, ẹ má sá, kì í ṣe eégún, ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn onílé wò wá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó láàánú nínú wọn ni ó fi iná ẹ̀yìn ilé rẹ̀ hàn wá.

Ṣùgbọ́n àwa náà ti rẹ́rìn-ín tiwa nílé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ obì gbànja. Àwọn àgbẹ̀ wa gbìn ín, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n ń wo Haúsá tí ó wá fi owó gidi rà á, wọ́n ń sọ pé, "Irú ènìyàn wo ni ó ń fi owó ra ohun kíkorò?" Haúsá náà ń di obì rẹ̀ sínú ewé, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Irú ènìyàn wo ni ó gbin ohun tí ó dùn tó báyìí tí kò jẹ ẹ́?" Oníkálùkù rò pé òun ni òun jèrè. Ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí òwò náà pẹ́.

Ẹ tún wo orúkọ ibi tí a ń gbé. Sábọ́n Gàrí, ìlú titun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní ọdún 1916, wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá tí ó ń ṣòwò obì àti màlúù. Sábó ni à ń pe ibẹ̀ títí di òní. Orúkọ kan náà ni, a kàn gé e kúrú ni. Bí a ti jẹ́ àlejò ní Sábọ́n Gàrí níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jẹ́ àlejò ní Sábó lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá ń fi àlejò ṣẹ̀sín nílé rẹ̀, kí ó rántí pé ọmọ òun náà wà nílé onílé.

Èyí tí ó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti èdè. Bí a bá fẹ́ bú ènìyàn dé góńgó, a ó ní kò ní làákàyè. Àwọn onímọ̀ èdè sọ fún wa pé láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, àti pé ọ̀nà Òkè Ọya níhìn-ín ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àlàáfíà náà gba ọ̀nà kan náà. A kò sọ pé a kò gbọ́n tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa, òye jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró láàrin Kánò tí ó ń sọ fún ọmọ Kánò pé kò ní làákàyè, ẹrù tí ó yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni ó fi ń sọ òkò lu aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀kò sí ilé ara wa, nítorí pé àwọn ará ilé ni a máa ń ṣe èyí sí jù lọ. Ọ̀pọ̀ yín mọ bàbá télọ̀ tí a ń pè ní Bàbá Rìsíìtì. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra ilẹ̀ tí a dúró lé lórí yìí, owó kò tó, onílẹ̀ sì gbà pé kí á máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọmọlúwàbí ni bàbá onílẹ̀ náà. Lóṣooṣù, ènìyàn mẹ́ta ni ó ń gbé owó lọ fún un. Bàbá Rìsíìtì wà lára wọn. Wọn yóò ka owó, onílẹ̀ yóò gbà á, yóò súre. Àwọn méjì yóò dìde. Ẹnì kẹta kò ní dìde lórí ẹní. Yóò yọ ìwé pélébé kan jáde nínú àpò, yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i."

Ó ń tì wá lójú. Ní ìpàdé, a sọ̀rọ̀ sí i. A ní ó ń fi àgbà ìlú pe olè. A ní òmùgọ̀ ni ó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó ń súre fún un. Àwọn ọmọdé ń kọrin tẹ̀ lé e. Àwa tí a dúró níwájú yín yìí, a wà lára àwọn tí ẹ̀rín wọn ròkè jù. Onílẹ̀ nìkan ni kò bínú. Oṣooṣù ni ó ń mú kálàmù, tí ó ń fi àjàmí kọ orúkọ rẹ̀, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Owó pé. Ọdún ń gorí ọdún, onílẹ̀ jáde láyé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ìdajì owó ni àwọn mọ̀ pé a san. A sáré lọ sínú fáìlì akọ̀wé: ikán ti jẹ ẹ́, orí ìwé àti ìdí ìwé ni ó kù. Ìpàdé alẹ́ ọjọ́ náà gbóná. A ní olè ni àwọn ọmọ náà. A ní irú wọn ni bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí á gba ilé ẹjọ́ lọ, àwọn kan sọ ohun tí ó burú ju ilé ẹjọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn dé.

Bàbá Rìsíìtì kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ sílé, ó gbé agolo bisikíìtì kan dé. Gbogbo ìwé náà ni ó wà nínú rẹ̀, láti oṣù kìíní dé èyí tí ó kẹ́yìn, ó fi okùn ìránṣọ di ti ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ilé náà dákẹ́ lọ gbáà. Alága na ọwọ́ láti gbà á. Bàbá fa agolo náà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, Alága. Ẹ ó fún mi ní rìsíìtì."

A fún un. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, a gbé agolo lọ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Àkọ́bí wọn yẹ àwọn ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọwọ́ kan àjàmí náà, ó ní, "Ọwọ́ bàbá mi nìyí." Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ó ní bàbá àwọn kò sọ fún àwọn tán kí ó tó kú ni, kí á má bínú. Àwa náà ní kí ó má bínú, àmọ́ a kò sọ ohun tí a wí nípa rẹ̀ ní alẹ́ àná fún un. Nítorí náà, láàrin ìpàdé kan ṣoṣo, ẹjọ́ méjì ni a ti dá ní àdáṣì: ẹni tí a pè ní olè, kò mọ̀ ni, ẹni tí a pè ní òmùgọ̀, òun nìkan ni ó mọ̀.

A kò sọ pé kò sí òmùgọ̀ láyé o. Ó wà. Ẹni tí ó bá rí ikán lára fáìlì tí ó tún dá a padà sí ibi tí ó ti mú un, kí á pè é ní orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí á má ṣèdájọ́. Ẹgbẹ́ tí kò lè sọ fún olè pé ó jalè kò ní pẹ́ tú. Ohun tí àwọn bàbá wa sọ ni pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n tún ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí á tó rẹ́rìn-ín ẹnì kan, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ni o rí tí o fi ń ṣe báyìí?" Ìbéèrè yẹn kò gba kọ́bọ̀. Bí a bá ti bi Bàbá Rìsíìtì nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí á ti ní agolo méjì.

Bàbá télọ̀ ti lọ síbi àgbà ń rè. Kò rí òní. Ìyàwó rẹ̀ wà láàrin wa, ẹ wò wọ́n níbẹ̀ yẹn. Ìyá, ọkọ yín kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu wa kí wọ́n tó lọ, nítorí pé a ń wá ọjọ́ tí ó dára láti bẹ̀ wọ́n. A bẹ̀ yín lónìí, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ dárí jì wá. Ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé lé lórí yìí, ọkọ yín ni ó bá wa dì í mú.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a ti dé ìparí. Tábìlì akápò wà ní apá ọ̀tún wa. Ẹni tí ó ní ọ̀pọ̀, kí ó mú ọ̀pọ̀ wá. Ẹni tí ó ní díẹ̀, kí ó mú díẹ̀ wá. Kí a má ṣe fi ohun tí ẹnì kan mú wá dá a lẹ́jọ́, nítorí pé a kò mọ ohun tí ó fi sílẹ̀ nílé. Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ jẹ́ ọmọ Kánò, bí ẹ bá gbọ́ tí a ń pè yín pé "Wá, wá," ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni a ń sọ.

Bí ẹ bá sì ti san owó yín, ẹ dúró gba rìsíìtì. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á ṣílé yìí lójú ẹ̀mí gbogbo wa. Àmín.