Mọ́ńkì Onígi Tí Ń Gbàdúrà



Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní kò tóbi. Bí a bá gbé e ka orí tábìlì yìí, gíga rẹ̀ kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀ lọ. Ère mọ́ńkì kan ni, igi àti irin ni a fi ṣe é, a sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ ìsìn gígùn. Ó ti lé ní 400 ọdún tí a ti ṣe é ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ìlú Washington ní Amẹ́ríkà ni ó wà nísinsìnyí, nínú ilé ńlá tí a ń kó àwọn ohun ìgbàanì pamọ́ sí.

Ẹlòmíràn yóò pè é ní ọmọlangidi. Ṣùgbọ́n kí a fi kọ́kọ́rọ́ ká irin inú rẹ̀, kí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀: lójú kan náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Yóò lọ síwájú, yóò yà, yóò tún lọ, bí ẹni tí ń tọ igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lu àyà, gẹ́gẹ́ bí agbowó òde nì ti ṣe nínú Tẹ́ḿpìlì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbé àgbélébùú kékeré àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà sókè, ó sì ń sọ wọ́n kalẹ̀. Ó ń mi orí, ojú rẹ̀ ń yí, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé, bí ti ẹni tí ń gbàdúrà jẹ́jẹ́. Bí ó bá sì ṣe díẹ̀, yóò gbé àgbélébùú náà sí ètè, yóò sì fi ẹnu kò ó.

Kò sí iwin nínú rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí a ká bí ẹni ká ẹní, irú èyí tí ó wà nínú agogo, ni agbára rẹ̀. Bí a bá ti ká a le, yóò fẹ́ láti tú. Bí ó sì ti ń tú ni ó ń yí àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín. Àwọn irin róbótó tí etí wọn kò dọ́gba ń bá kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí yí: níbi tí etí irin bá ti yọ, yóò ti ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá náà ni yóò sì fa apá tàbí ètè. Àní ẹsẹ̀ tí a ń rí lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ẹ̀tàn ni; orí kẹ̀kẹ́ kéékèèké ni ó ń yí lọ.

Ẹni tí a kà á sí lọ́wọ́ ni Juanelo Turriano, ọmọ ìhà Cremona ní ilẹ̀ Ítálì, alágogo Olú-ọba Charles Karùn-ún. Ọkùnrin yìí ṣe agogo kan fún olú-ọba tí ó ń fi ìrìn oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ hàn. A sọ pé 20 ọdún ni ó fi ronú rẹ̀, ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni ó sì fi ṣe é, pẹ̀lú 1,800 kẹ̀kẹ́ eléyín. Nígbà tí Charles fi ìjọba sílẹ̀ tí ó lọ gbé lẹ́bàá àwọn mọ́ńkì ní Yuste, níbi tí ó kú sí ní 1558, Turriano bá a lọ. Òpìtàn Famiano Strada kọ ọ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ ogun kéékèèké a máa fun fèrè, wọn a sì máa lu ìlù lórí tábìlì olú-ọba, ẹyẹ onígi a sì máa fò nínú iyàrá. Ó ní olórí ilé ìsìn náà ṣèèṣì wọlé, ó rí wọn, ó sì fura sí idán. Ṣé kì í ṣe ohun tí àwa náà ìbá wí nìyẹn?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ìdí ọ̀rọ̀. Ní 1562, Don Carlos, ọmọ Ọba Philip Kejì ti ilẹ̀ Spéìnì, ṣubú lórí àtẹ̀gùn ní ìlú Alcalá, ó sì fi orí gbá. Ọmọ ọdún 16 ni. Àwọn oníṣègùn pé jọ, Vesalius, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara ènìyàn, wà láàrin wọn. Síbẹ̀ ikú ń sún mọ́ ọn. Nígbà náà ni a gbé òkú Diego, mọ́ńkì ìlú náà tí ó ti kú láti 1463, wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ọmọ náà yè. Ìtàn tí a ń sọ mọ́ ère wa ni pé baba rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́: bí Ọlọ́run bá ṣe iṣẹ́ ìyanu fún òun, òun náà yóò fi iṣẹ́ ìyanu san án. Mọ́ńkì onígi yìí, ní àwòrán Diego, ni ẹ̀jẹ́ náà.

Ó rọrùn fún wa láti rẹ́rìn-ín. Bí a bá ṣe wá ní oore lánàá, a kì í rán ọmọlangidi lọ kí onítọ̀hún kú oore àná. Ní àkókò náà gan-an sì ni àwọn alátùn-únṣe ìsìn ń bá ìjọ Róòmù jiyàn pé àdúrà tí ẹnu ń kà tí ọkàn kò sí níbẹ̀, asán ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo baba kan tí ó ti jókòó ti ọmọ tí ń kú lọ. A rò pé ó mọ̀ dájú pé ọpẹ́ òun yóò rẹ̀, pé oorun àti ọ̀ràn ìjọba yóò gbé ọkàn òun lọ. Ohun tí kò mọ àárẹ̀ ni ó ń wá. Ní tiwa, a kò lè dá a lẹ́bi pátápátá, bí a kò tilẹ̀ lè ṣe bí tirẹ̀.

Philip kò gbàgbé Diego. Ó bẹ̀bẹ̀ títí póòpù fi kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1588. Ti ọmọ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1568, baba yìí kan náà ni ó ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé, inú àtìmọ́lé náà ni Don Carlos sì kú sí ní oṣù keje, ní ẹni ọdún 23.

Turriano ńkọ́? Ní 1569, ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa omi láti inú odò Tajo gòkè dé ààfin Toledo, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300. Ìlú kọ̀ láti san owó rẹ̀, nítorí pé ààfin ọba ni omi náà ń lọ. Inú òṣì ni ó kú sí ní 1585. Òpópónà kan ní Toledo ń jẹ́ Hombre de Palo títí di òní, èyíinì ni Ọkùnrin Onígi. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé nígbà tí ebi dé, alágogo náà ṣe ère mìíràn, ère náà a sì máa rìn ní òpópónà yìí lọ sí ilé bíṣọ́ọ̀bù àgbà, láti gba oúnjẹ wá fún un.