Àgò Onílé Lójú Kámẹ́rà: Bẹ́ẹ̀lì Ẹnu Géètì, Ojú-Ìwòran Pálọ̀ àti Ẹni Tó Wà Nílé



Kí bẹ́ẹ̀lì tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ohùn ni àlejò fi ń kan ilẹ̀kùn. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, yóò ní, "Àgò onílé o!" Bí ohùn náà bá jẹ́ ti ẹni mímọ̀, èsì á yá: "Àgò yà!" Bó bá ṣàjèjì, ìbéèrè ni yóò tẹ̀ lé e: "Ta nì yẹn o?" Láàárín àgò àti èsì rẹ̀, onílé ti mọ ẹni tó dé, ó sì ti pinnu bóyá kó wọlé. Kò sí ẹlòmíràn tó bá a dá sí i.

Bẹ́ẹ̀lì oníkámẹ́rà tí wọ́n ń tà ní ọjà Alábà àti Ìkẹjà ní Èkó lóde òní, àgò náà ni, ó kàn wọ ẹ̀wù tuntun ni. Àlejò tẹ bọ́tìnnì, kámẹ́rà rí ojú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì yọ lójú-ìwòran kékeré kan tó wà lórí tábìlì nínú pálọ̀. Onílé lè bá a sọ̀rọ̀ láìdìde.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ra bẹ́ẹ̀lì yìí fún òbí kì í dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á so ó mọ́ fóònù tiwọn, ó parí. Ìyá jókòó sí pálọ̀ ní ìlú Ìwó, kò rí nǹkan kan. Ọmọ tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń rí àlejò ìyá rẹ̀, òun náà ló ń dá àlejò lóhùn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró lórí ohun kan ṣoṣo: àwòrán tó kúrò ní géètì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nílé, nítorí òun ni wọ́n ké àgò sí.

Ilẹ̀kùn Ìkéré

Ó pẹ́ tí àwòrán àlejò ti wà lára ilẹ̀kùn Yorùbá. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Olówè ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Ó gbẹ́ ọba sórí ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, ó gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba, Captain Ambrose, bí àwọn aláàárù ṣe gbé e wá. Ìran ọjọ́ tí àlejò wọ ààfin ni ilẹ̀kùn náà pa mọ́.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn òyìnbó fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ló gbà, wọ́n sì ṣe ìtẹ́ kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. British Museum ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn: àwòrán àlejò tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tó sọdá òkun. Ọ̀rọ̀ yóò padà kàn án.

Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ló gbé ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀lì oníkámẹ́rà yìí kalẹ̀. Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì ni, àdúgbò Jamaica ní Queens, ní ìlú New York, ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, Albert Brown, tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ dunjú, kì í bára mu lákòókò, nítorí náà ó máa ń dá wà nílé lóru. Ìwà ọ̀daràn ń pọ̀ ládùúgbò, ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé bí wọ́n bá pè wọ́n.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1966, tọkọtaya náà kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà láti gba ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe. Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni ìwé ẹ̀tọ́ náà jáde, nọ́ńbà 3,482,037. Wọ́n lu ihò sára ilẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ojú lè ká àlejò gíga àti kúkúrú. Kámẹ́rà ń rìn lẹ́yìn àwọn ihò náà, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà fún ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó wà níta. Bọ́tìnnì kan wà tó ń ṣí ilẹ̀kùn láti ọ̀nà jíjìn, òmíràn sì ń ké sí àwọn agbófinró.

Níbo ni Marie gbé ojú-ìwòran sí? Yàrá rẹ̀ ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti ń wo àlejò, ibẹ̀ náà ló ti ń pinnu bóyá kí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ṣe ẹ̀rọ náà, ọwọ́ ẹni náà sì ni àṣẹ wà.

Ó lé ní ogójì ọdún kó tó di ọjà ńlá. Ní California, Jamie Siminoff ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì rẹ̀, kì í gbọ́ bí àlejò bá ń tẹ bẹ́ẹ̀lì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀lì tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 2013. Lẹ́yìn náà ló yí orúkọ rẹ̀ sí Ring, Amazon sì rà á ní ọdún 2018. Amazon ti mú ojú-ìwòran tirẹ̀, Echo Show, jáde ní 2017. Ojú-ìwòran ti Google, tí wọ́n ń pè ní Nest Hub lónìí, jáde ní 2018. Fóònù ni Siminoff kọ́kọ́ rò. Ojú-ìwòran ló dá ẹ̀rọ náà padà sí inú ilé, síbi tí Marie Brown gbé e sí.

Ọ̀nà tí àwòrán ń tọ̀

Bí àlejò bá tẹ bẹ́ẹ̀lì, àwòrán rẹ̀ ń gba orí Wi-Fi lọ sí ráútà. Ráútà gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó di ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀lì ń lò, tó sábà máa ń wà lókè òkun. Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn wo àkántì tó ni bẹ́ẹ̀lì, wọ́n wo ojú-ìwòran tó wà lábẹ́ àkántì kan náà, wọ́n wá dá àwòrán padà sí Ìwó. Géètì sí pálọ̀ lè má ju ìṣísẹ̀ ogún lọ, síbẹ̀ àwòrán ti rìnrìn-àjò kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí ojú-ìwòran fi máa ń ṣókùnkùn bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já.

Nítorí náà, síso wọ́n pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà, ọ̀rọ̀ àkántì ni. A ó kọ́kọ́ fi bẹ́ẹ̀lì sínú áàpù rẹ̀, a ó sì fún un ní orúkọ, bíi "Géètì Iwájú". A ó gbé ojú-ìwòran sábẹ́ àkántì kan náà, tàbí ká so àkántì méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá yọ̀ǹda fún ojú-ìwòran láti máa kéde àlejò fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, tí onílé á fi máa rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Kó tó rà á, kéèyàn wo ìdílé tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Ring àti Echo Show, ọmọ baba kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀lì Nest àti Nest Hub náà, ọmọ baba kan náà. Ẹni tó bá mú ọ̀kan láti ìdílé yìí, tó mú èkejì láti ìdílé yẹn, lè náwó kó má rí àwòrán. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń gbìyànjú láti fohùn ṣọ̀kan: ONVIF bẹ̀rẹ̀ ní 2008 fún kámẹ́rà aláàbò, ìlànà Matter jáde ní 2022 fún ohun èlò inú ilé, ṣùgbọ́n ó di 2025 kí kámẹ́rà tó wọ inú rẹ̀.

Ọ̀nà kúkúrú tún wà. Intákọ̀ọ̀mù onífídíò, tó ń fi wáyà so géètì mọ́ ojú-ìwòran ara ògiri, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bákan náà, kámẹ́rà tó bá ń lo ONVIF lè bá kọ̀ǹpútà kékeré kan ṣiṣẹ́ nínú ilé, pẹ̀lú Home Assistant, ètò ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Àwòrán á kúrò ní géètì, á dé ráútà, á dé pálọ̀, kò ní sọdá òkun. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Bowen lè kọ́, kó sì fi jẹun nìyí.

Iná, dátà àti ògiri Ìwó

Ìṣirò ni ká fi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí àwòrán bá ń gba mégábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mégábáìtì 450 ni yóò jẹ ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá ní kó máa ránṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 11 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà tí àlejò bá tẹ̀ ẹ́ nìkan, àlejò 20, ìdajì ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mégábáìtì 75 péré ni. Dátà kì í tán nítorí bẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n ṣe tò ó ló ń jẹ dátà.

Iná náà ṣeé ṣírò. Ká ní ráútà ń lo wáàtì 10, ojú-ìwòran ń lo wáàtì 10. Láàárín wákàtí 24, gbogbo rẹ̀ kò pé ìdajì yúníìtì kan. Ẹni tó wà ní ìsọ̀rí iná Band A, tí wákàtí iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 20 lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin tí kò níná ṣì lè kù fún un. Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ fóòtì 12, 100 Ah, lè gbé ohun méjèèjì fún ọjọ́ kan gbáko láìlò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ.

Oníná gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbi kan. Ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀lì oníwáyà tó ń wá láti Amẹ́ríkà, fóòtì 16 sí 24 ni wọ́n ń fẹ́. Iná inú ògiri wa jẹ́ fóòtì 230. Ẹni tó bá so ó tààrà yóò jó o. Tiransífọ́mà kékeré tó yẹ ni kó lò, tàbí kó mú èyí tó ní bátìrì. Kó sì rántí pé Wi-Fi 2.4 GHz ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5 GHz lọ, 2.4 yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀lì ń lò.

Ta ni kámẹ́rà ń wò?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Oxford dá aládùúgbò kan láre lórí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀lì àti kámẹ́rà Ring sára ilé rẹ̀. Adájọ́ ní ó ń ká ọ̀rọ̀ àti ìrìn ẹlòmíràn sílẹ̀ kọjá ààlà. Ní 2023, Ring gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là lẹ́yìn tí àjọ FTC ti Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn án pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ráàyè wo fídíò oníbàárà. Níhìn-ín, abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ aráàlú àti ilé rẹ̀, òfin ààbò dátà sì di òfin ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023.

Ní Ìwó, ọ̀rọ̀ yìí tún wọnú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú Mùsùlùmí ni, ẹlẹ́hàá wà nínú agbo ilé, ojúde ilé kan sì lè kọjú sí ti èkejì. Kámẹ́rà tí wọ́n gbé sókè jù, tó ń wo àgbàlá aládùúgbò, ti ṣẹ àwọn obìnrin ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bẹ́ẹ̀lì. Kí wọ́n yí ojú rẹ̀ sí ẹnu géètì nìkan. Ọ̀pọ̀ áàpù sì ní ibi téèyàn ti lè fi dúdú bo apá tí kò yẹ kó rí.

Ibí ni ilẹ̀kùn Ìkéré ti padà wọ ọ̀rọ̀. Ògògà mọ̀ pé ilẹ̀kùn òun ń lọ, ó sì mọ ohun tóun gbà dípò rẹ̀. Àlejò tó ń tẹ bẹ́ẹ̀lì ní Ìwó kò mọ̀ pé àwòrán òun ti sọdá òkun. Ọ̀pọ̀ onílé náà kò mọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀lì sọ ọ́ fún wọn kó tó gbowó, kó sì fi ọ̀nà kúkúrú hàn wọ́n.

Èdè tí bẹ́ẹ̀lì ń gbọ́

Google ti ń túmọ̀ Yorùbá lójú ìwé láti ọdún 2013, ṣùgbọ́n Alexa ti Amazon àti olùrànlọ́wọ́ Google tó ń gbé inú ojú-ìwòran kì í gba àṣẹ ní Yorùbá. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè pàṣẹ fún un. Títí tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà yóò fi kọ́ ọ ní Yorùbá, kí wọ́n tò ó kí ojú-ìwòran máa tàn fúnra rẹ̀, kó sì ku bọ́tìnnì kan péré fún ìyá láti tẹ̀. Bẹ́ẹ̀lì kan wà tó gba kéèyàn ká ohùn sílẹ̀ fún àlejò. Kí ìyá fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́: "Àgò yà o, ẹ dúró díẹ̀, mò ń bọ̀."

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí oníná má tíì gbowó. Kó jáde sí géètì, kó tẹ bẹ́ẹ̀lì, kó sì dúró. Bó bá jẹ́ ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ dáhùn, iṣẹ́ kù. Kó padà wọlé lọ tún àkántì tò. Bó bá gbọ́ ohùn ìyá láti pálọ̀ tó ń béèrè pé, "Ta nì yẹn o?", kó dárúkọ ara rẹ̀, kó wọlé wá gbowó rẹ̀.